Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Délé, àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì ń tì mí lójú. Ṣé o rántí ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi awọ dì, tí mo rà lọ́wọ́ opó bíṣọ́ọ̀bù, tí mo fi ń yangàn fún àlejò? Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ mi láìwọ bàtà. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ò ríran mọ́. Jọ̀ọ́, kà á fún mi."

Mo ṣí i, gbogbo ewé rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Ni mo bá ń ké "A, B, D" bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "O ṣeun, o kà á dáadáa."

Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Délé, láti ọjọ́ tí mo ti rà á, n kò tíì ka ìlà kan nínú rẹ̀.