Ànófà Ilé Alhaji Sàlàkọ́

Yàrá ìyàwó mẹ́ta ló wà ní ilé Alhaji Sàlàkọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọba, ní Ìwó, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló sì ti yàrá kọ̀ọ̀kan jáde. Àwọn ará àdúgbò gbà pé Ọlọ́run ló wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Alhaji fúnra rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀ obì àti kòkó, gbà pé òun lòun wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìdọ́gba ni. Bó bá gbé iṣu ti oko dé, ìdì mẹ́ta ni, bí ìdì kan bá sì fi ẹyọ iṣu kan ju èkejì lọ, yóò dá iṣu náà padà sóko.

Síbẹ̀, fún bí ọgbọ̀n ọdún, kò sí ìyàwó kan tó gbà pé ìdọ́gba wà nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ. Hàbíbátù ìyáálé ní ìgbà tí ilé ò tíì rójú lòun bí tòun, àwọn tó dé lẹ́yìn ló wá jẹ adùn. Kùdírátù, tó ṣìkejì, ní ẹni tó bá wà láàárín, tiwájú ò rí i, tẹ̀yìn ò rí i. Halimah ìyàwó kékeré ní ìgbà tó fi máa kan òun, ìkòkò ti gbẹ. Wọn kì í bá ara wọn sọ ọ́. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀.

Kareemah, àbígbẹ̀yìn Kùdírátù, ló mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ìgbálẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n dì rù ú sì ni sìtátísíìkì. Dókítà Adéyẹmọ, tó ń kọ́ wọn, ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá mú nọ́mbà láti inú ìwé, ìdáhùn ni wọ́n ń há sórí. Ó wá ní kí oníkálukú lọ wá nọ́mbà tirẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́ta, kó fi ṣe ànófà. Ànófà ni ìṣirò tí wọ́n fi ń wádìí bóyá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wọ́ sí ọ̀wọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Hikmat, ọ̀rẹ́ Kareemah, lọ wọn ẹyin adìẹ láti Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó. Kareemah kò ní òṣùwọ̀n. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé nọ́mbà ti wà nílẹ̀. Yàrá mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó gba ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì fẹ́ kí nọ́mbà jẹ́rìí sí i.

Ó mú bírò, ó ń béèrè láti yàrá dé yàrá pé ọdún mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan lò nílé ìwé. Ó rò pé kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Hàbíbátù kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Halimah ní kó fi ọdún mẹ́ta tí ọmọ òun fi kọ́ṣẹ́ télọ̀ kún un, nígbà tí Kareemah sì ní ilé ìwé nìkan ni, ó bi í bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ kì í fọ́ni lójú bí ìwé. Ìyá tirẹ̀ ńkọ́? Ó ń dín ọdún àwọn ọmọ rẹ̀ kù. Ó dín ti Kareemah gan-an kù, bẹ́ẹ̀ Kareemah ló jókòó síwájú rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ló fi yanjú rẹ̀ níkẹyìn. Shamsudeen, àkọ́bí Hàbíbátù, ló lo ọdún mẹ́rìndínlógún, àbúrò rẹ̀ tó ń ta fóònù n'Íbàdàn sì dúró sí mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní yàrá tiwọn: Kareemah fúnra rẹ̀ ti dé mẹ́rìnlá, Ọláwọlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì lo mẹ́fà. Nígbà tó pín ti yàrá kọ̀ọ̀kan dọ́gba, ti Hàbíbátù jẹ́ ọdún méjìlá fún ọmọ kan, ti Halimah mọ́kànlá, ti ìyá rẹ̀ mẹ́wàá. Kareemah wo mẹ́wàá náà títí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, kò sì lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì parí. Ó kù kó wo bí àwọn ọmọ inú yàrá kan náà ṣe yàtọ̀ síra wọn, kó sì fi ìyẹn pín ìyàtọ̀ yàrá sí yàrá. Ìwé ní èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè la ẹnu sọ pé yàrá yàtọ̀ sí yàrá. Èyí tó jáde sí i lọ́wọ́ jẹ́ ìdámẹ́rin ẹyọ kan. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ó kù díẹ̀ kó tó mẹ́rin, àfi bó ṣe rí i pé òun ti gbé ti òkè sísàlẹ̀.

Dókítà Adéyẹmọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kareemah ní ṣùgbọ́n ti yàrá kan ló kéré jù. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ kéré jù, ó sì fún un ní méje nínú mẹ́wàá.

Halimah ló lọ sọ fún Alhaji pé ọmọ kan ń ka ọmọ inú ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, Alhaji kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀. Kareemah kúnlẹ̀. Alhaji bi í pé kí lorúkọ ohun tó ń ṣe. Bó ṣe ń pè é, Alhaji ti rò pé Ànọ́bì ló fẹ́ sọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ àsàlátù kó tó gbọ́ ìparí rẹ̀.

"Ànófà, Bàbá," ni Kareemah wí. "Ó máa ń wo bí yàrá ṣe yàtọ̀ sí yàrá. Lẹ́yìn náà, á wo bí ọmọ ìyá kan náà ṣe yàtọ̀ sí ara wọn. Bí ti ọmọ ìyá bá pọ̀ ju ti yàrá lọ, a ò lè dá yàrá lẹ́bi."

"Èwo ló pọ̀ jù?"

"Ti ọmọ ìyá, sà. Ó pọ̀ jù ú lọ dáadáa."

"Nítorí náà, mi ò ṣojúsàájú."

"A ò rí ẹ̀rí rẹ̀ ni, Bàbá."

Alhaji ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kareemah kọ ọ́ pé, A kò rí ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì Alhaji gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe férémù, ó sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tó yà ní Mẹ́kà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ìyàwó gbálẹ̀ láàárọ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò ni pé ìdajì ìdáhùn náà ṣì wà nílẹ̀. Àbúrò Shamsudeen pe ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ó ní bí kì í bá ṣe bàbá, ta ló wá fi ọdún mẹ́wàá sáàárín òun àti ẹ̀gbọ́n òun? Hàbíbátù pa fóònù. Ọmọ Halimah tó ń ránṣọ wá béèrè tirẹ̀ lójúkojú. Kò sí yàrá tí ara rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì kó ẹjọ́ lọ bá Alhaji, yóò kàn nàka sí férémù.

"Ẹ lọ bi ìyá yín," ni yóò wí. "Tèmi ti parí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Ọláwọlé gun ọ̀kadà rẹ̀ dé. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ilé-Ogbó, sìmẹ́ńtì sì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó jókòó, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́ pé ta ló yọ òun nílé ìwé. Kùdírátù ń pa ẹ̀gúsí. Ó pa á fún ìgbà díẹ̀ sí i.

"Èmi ni," ló wí. "Bàbá yín ní kí n má yọ ọ́. Ọdún tí mo bí Kareemah ni. Gìrì ń mú un, ọsibítù Òṣogbo ni mo ń gbé. Kò sẹ́ni tó lè dúró ti ìsọ̀ mi. Ìwọ lo gbọ́n jù nínú àwọn tó wà nílé."

Kareemah, tó jókòó tì wọ́n, ò gbọ́ èyí rí. Nígbà tó ń ṣírò, ó ti rí i pé ọdún mẹ́rin lòun fi ju mẹ́wàá lọ, ọdún mẹ́rin gan-an sì ni ẹ̀gbọ́n òun fi dín sí i. Ó ti rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Mo rántí gìrì náà," ni Ọláwọlé wí. "Èmi ni mo máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú." Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò náà wá kóun rí i. Ó fi ìka tọ nọ́mbà wọn lọ, ó dúró lórí tirẹ̀. "Ta ló ní mẹ́fà?"

"Ìwé ẹ̀rí yín ni, Bọ̀dá."

"Mo lo tááàmù kan ní sẹ́kọ́ńdírì. Ipò kẹta ni mo ṣe. Kí ló dé tí o ò kà á?"

Kareemah ní òun ò mọ̀ ni. Ìyá wọn ní òótọ́ ni, tááàmù kan ni. Kareemah bá mú ìwé mìíràn, ó kọ mẹ́fà àti ìdámẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọláwọlé jókòó tì í. Bí Kareemah bá ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, Ọláwọlé ti máa ń fi ẹnu sọ ìdáhùn kó tó jáde, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣírò iyanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì. Èsì náà fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Yàrá kò tíì yàtọ̀ sí yàrá. Ọláwọlé ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Kareemah gbé ìwé tuntun náà tọ Dókítà Adéyẹmọ lọ. Ọkùnrin náà gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó bi í pé nígbà tí ìdáhùn kò yí padà, kí ló fi tún gbogbo rẹ̀ kọ?

Kareemah ní ẹnì kan lo tááàmù kan tí òun kò kà.

Dókítà Adéyẹmọ ronú sí i. Ó béèrè bóyá ẹni náà yege ní tááàmù ọ̀hún. Kareemah ní ipò kẹta ló ṣe. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní kò burú, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì pe akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn.