Nọ́ọ̀tì Kan Lára Jíìpù Alhaji

Ẹ má tíì pe Dáhùnsí ní olè o. Kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Dírẹ́bà ni, ó ń gbé Alhaji Àṣírù káàkiri Àpápá, ó sì ti ń gbé e pẹ́ débi pé tí bàbá náà bá húkọ́ lẹ́yìn, Dáhùnsí á ti mọ̀ bóyá kí òun ṣí fèrèsé ni àbí inú ló ń bí i. Ohun tó kàn ṣe é ni pé ó nífẹ̀ẹ́ jíìpù ọ̀gá rẹ̀. Ìfẹ́ náà wá pọ̀ jù.

Jíìpù ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, Alhaji rà á nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ìjókòó ẹ̀yìn ti ya, ilẹ̀kùn kan sì wà tó jẹ́ pé èjìká lèèyàn máa fi tì í kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀! Háà! Gáàsì ló ń mu, gáàsì tí àwọn tírélà ń mu, ìgbà yẹn gan-an sì ni bẹntiróò di ọ̀wọ́n gógó ní gbogbo Èkó. Bí àwọn tó ní mọ́tò oníbẹntiróò ṣe ń sun ilé epo mọ́jú, ṣe ni Dáhùnsí á yà sọ́dọ̀ àwọn onítírélà, wọ́n á bu gáàsì fún un, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Tó bá ti ṣáná sí i báyìí, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Dáhùnsí ti rò ó títí: tí jíìpù yìí bá lè di tòun, òun á máa fi kó àwọn oníṣòwò àti ẹrù wọn láti Bóńdìrì ní Ajégúnlẹ̀, níbi tóun ń gbé. Òun náà á di ọ̀gá ara òun. Ràdíátù ìyàwó òun á jókòó síwájú, á máa wo ìta bí ìyá olówó. Ó ti ń rí i lójú àlá.

Àfi bí Alhaji ṣe sọ lọ́jọ́ kan pé, "Dáhùnsí, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ibi tí mò ń lọ náà ò sì tó nǹkan. Mo fẹ́ ta jíìpù yìí. Lazarus ti ń bi mí léèrè ẹ̀."

Lazarus ni ọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, ó ní ọ́fíìsì ní Warehouse Road. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí Lazarus lè san, Dáhùnsí ò lè kó o jọ láéláé. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọ̀dọ̀ Oghenemaro ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Màró ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun ni mẹkáníìkì tó ń tún jíìpù náà ṣe. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ á máa sáré, Píjìn á sì máa já lù ú láàárín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Brọ́dá Dáhùnsí, no worry. Ọkọ̀ gáàsì, ohun tó ń pa á ò ju afẹ́fẹ́ lọ." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ìka sí nọ́ọ̀tì kékeré kan lórí páìpù tí gáàsì ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. "Tẹ́ ẹ bá ti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, á máa fa afẹ́fẹ́, á kú lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dè é le padà, tẹ́ ẹ lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, á jí. Nothing do am. Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà? Ẹ̀yin nìkan ni. Owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa san!"

Ó yẹ kí Dáhùnsí bínú. Kò bínú. Sípánà ló ní kó yá òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni jíìpù kọ́kọ́ kú. Àárín Warehouse Road ló kú sí, tírélà sì wà lẹ́yìn wọn tó ń fọn fèrè bí ẹni tí orí ń ta. Alhaji ti wọ agbádá funfun, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ. Dáhùnsí sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a tì í kúrò lọ́nà. Ló bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Alhaji ti ká agbádá sí èjìká, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí jíìpù.

"Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Ẹ padà sínú ọkọ̀!"

"Kí n jókòó kí ìwọ nìkan máa tì mí bí òkú? Lọ di síárìn mú, jàre."

Bàbá àgbà ń ti ọkọ̀! Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èéfín tírélà ń sọ agbádá rẹ̀ di dúdú, Dáhùnsí sì di síárìn mú, ó ń wò ó nínú dígí. Nígbà tó fi lé afẹ́fẹ́ jáde tán tí wọ́n dé mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ti kírun tán, wọ́n ti ń wọ bàtà. Alhaji ò bínú. Ó kàn ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, o mà ti làágùn o."

Pẹ̀lẹ́ yẹn dun Dáhùnsí ju ìgbátí lọ. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́, ó sì de nọ́ọ̀tì náà le. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá Lazarus ní àgbàlá Alhaji ní GRA, tó ń yí jíìpù po, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbúra dà? Ó ti fò lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Dáhùnsí ti dẹ nọ́ọ̀tì. Jíìpù kú ní Creek Road. Ó tún kú lẹ́nu géètì báǹkì, lójú àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Lazarus. "Mi ò ní tàn ẹ́, Lazarus. Ọkọ̀ yìí ti ń kú lójú ọ̀nà. Má rà á." Lazarus dúpẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Dáhùnsí dúró sí tó ń nu dígí. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í. Òótọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi tọkàntọkàn sọ yẹn, irọ́ tòun ló wà nínú rẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ọ̀nà ti là. Lọ́jọ́ Àìkú, òun àti Ràdíátù múra, wọ́n lọ bá Alhaji ní pálọ̀. Ràdíátù ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ọ̀tì o, ó kàn mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ ra ọkọ̀. Dáhùnsí dọ̀bálẹ̀. "Alhaji, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta jíìpù yẹn fún mi bó ṣe wà yẹn. Màá máa rọra tún un ṣe."

Alhaji ní kó dìde.

"Dáhùnsí, ṣé ayé ti sú ẹ ni? Mo pe Màró lánàá. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú tán, kò látùn-únṣe mọ́. Ọkọ̀ tí mo ní kí Lazarus má rà, Lazarus tí kì í ṣe nǹkan kan mi, ìwọ ni mo máa wá tà á fún? Kó lọ kú sáàárín tírélà, kí ìyàwó ẹ máa wá bi mí pé ọkọ òun dà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mi ò ní tà á fún ẹnì kankan. Àwọn onírin àlòkù ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á fọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n á gé ara ẹ̀." Ohùn bàbá náà wá rẹlẹ̀. "Kí ìwọ náà dárí jì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀mí ẹ wéwu nínú nǹkan yẹn."

Màró, orí ẹ dà rú! Ó rò pé irọ́ yẹn lòun fi ń bá Dáhùnsí já owó jíìpù wálẹ̀ ni.

Ràdíátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Alhaji, ẹ ṣé o. Ẹ ò ní fọwọ́ ara yín ṣe ara yín." Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ajégúnlẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́: "Ṣé ẹ rí ọ̀gá rere? Ta ló tún kù láyé tó ń ro tọmọ ọlọ́mọ báyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé GRA kí àwọn onírin tó dé. Ó de nọ́ọ̀tì náà le dandan. Nígbà tí wọ́n gbé òòlù àti àáké irin wọn wọlé, ó ṣáná sí jíìpù. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ, sà! Nǹkan kan ò ṣe é! Ẹ jẹ́ ká wà á dé Warehouse Road ká padà."

Alhaji mi orí. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Á dáhùn nílé, á kú lọ́nà. Mi ò wọ inú ẹ̀ mọ́, ìwọ náà ò sì wọ inú ẹ̀ mọ́. Pa á."

Dáhùnsí pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. "Alhaji, èmi ni. Èmi ni mò ń pa á. Mo ń dẹ nọ́ọ̀tì kan kó lè máa fa afẹ́fẹ́, kí Lazarus má bàa rà á. Ẹ dárí jì mí, sà."

Àwọn onírin wo ara wọn. Alhaji sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. "Nọ́ọ̀tì wo?" Dáhùnsí dìde, ó fi hàn án. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi ìka gbìyànjú àtimì í. Kò mì.

"Eléyìí tó le báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é láàárọ̀ yìí ni, sà. Ẹ bi Màró!"

"Màró ti sọ tiẹ̀ fún mi." Alhaji nà ró, ó tẹjú mọ́ ọn, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. "Dáhùnsí, nítorí irin lásánlàsàn lo ṣe ń purọ́ burúkú báyìí mọ́ ara ẹ? Ìwọ tí mo mọ̀? Ìwọ lo máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n pàdánù ìrun Jímọ̀ mi? Ìwọ lo máa jókòó sídìí síárìn, kí n máa ti ọkọ̀ níwájú tírélà, tó o sì mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe é? Rárá. Mi ò gbà. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ẹ létí mi. Ìwọ alára ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn onírin.

Òòlù àkọ́kọ́ bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì náà, ó dún gbàgà. Dáhùnsí bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ọmọdé, ikun imú rẹ̀ ń dà bí òjò. Alhaji rò pé torí jíìpù ló ṣe ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe èèyàn. Lọ́jọ́ tí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, ìwọ ni màá rán. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè gbẹ́kẹ̀ lé."

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni Dáhùnsí dúró sí títí wọ́n fi fọ́ jíìpù náà tán, ọwọ́ bàbá náà ò sì kúrò léjìká rẹ̀.