Ọkọ̀ Ojú Irin Tí A Kì Í Juwọ́ Sí

Helena Dyck fi ẹsẹ̀ tẹ pákó mọ́ orí àpótí, ó ń fi ayùn gé e. Ìyẹ̀fun igi ń dà sí orí bàtà rẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń rú bí èéfín nínú abà tó tutù. Nígbà tí pákó náà já, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ti kàn sílẹ̀, ó mú ìṣó nínú agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu òòlù.

Ibùsùn ló ń kàn, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò sùn lé e. Ibùsùn ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀ ojú irin Rọ́ṣíà ni, gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí obìnrin kan nínú ìjọ wọn tó ti wọ irú ọkọ̀ náà rí ṣe júwe rẹ̀. Abẹ́ ibùsùn yẹn ni èrò ń ti ẹrù rẹ̀ sí. Helena kò fẹ́ kó jẹ́ pé àárín àwọn àjèjì ni òun yóò ti mọ̀ pé ẹrù àwọn kò wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni òun àti Jakob, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Winnipeg lọ sí Moscow. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé wọn la Rọ́ṣíà já títí dé Siberia, níbi tí Tante Sara wà. Àbúrò ìyá wọn ni Tante Sara. Nígbà tí ìyá wọn bá àwọn tó sá lọ sí Kánádà lọ, àbúrò rẹ̀ kù sẹ́yìn, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ títí ìyá fi kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnikẹ́ni kò fi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ní báyìí tí ẹnubodè ti ṣí, Tante Sara ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì dìde lórí ibùsùn mọ́. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó mọ ìyá wọn ní ọmọdébìnrin. Bí wọn kò bá bá a ní ìrìn yìí, ìtàn yẹn parí nìyẹn.

Wọ́n ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Helena ló ṣe físà, òun ló sì ń di ẹrù. Ọ̀nà ni wọ́n fi lé Jakob lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìkórè ni Jakob ń tà kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dé ọjà ṣáájú ẹ̀rọ. Bí Helena bá ti bi í léèrè nípa ọ̀nà, èsì kan náà ni: "Ó ti parí, Ẹ̀gbọ́n." Bó bá sì bi í léèrè ẹrù rẹ̀, á ní òun ń gbé e bọ̀ lọ́la. Òní ló gbé e dé.

Àpótí onítáyà ńlá ló ń wọ́ lórí yìnyín. Ó dúró lẹ́nu abà, ó wo ibùsùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Pósí ta lẹ tún ń kàn?"

"Ti àpótí rẹ. Gbé e wá ká sin ín."

Jakob rẹ́rìn-ín, ó ti àpótí náà sábẹ́ pákó. Kò wọ ìdajì tó fi há. Ó fi orúnkún tì í. Ibùsùn gbogbo mì.

"Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀," ó wí.

"Bíi màlúù tó ń wọ ilé adìyẹ. Ṣí i."

Ó ṣí i. Ẹ̀wù òtútù mẹ́ta. Rédíò. Bàtà rọ́bà. Agolo ẹja tí ènìyàn lè fi bọ́ ìjọ. Helena ń kó wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó rí eku nínú ìyẹ̀fun. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ líle kan tí a ká, pẹ̀lú ọ̀pá irin nínú rẹ̀.

"Jakob, kí lèyí?"

"Àgọ́ ni."

"Àgọ́. Ta ló fẹ́ pàgọ́?"

"Ẹ̀yin àti èmi ni. Bóyá ilẹ̀ á ti ṣú nígbà tí ọkọ̀ bá já wa sílẹ̀."

"Sílẹ̀ níbo?"

"Nínú oko, lẹ́bàá abúlé." Ó fa máàpù yọ lápò, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wò ó fúnra yín. Irin gba ẹ̀yìn ilé Tante kọjá. N ó kàn sọ fún kọ́ńdọ́ tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ pé kó dúró fún wa níbẹ̀."

Helena gbé òòlù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e, ó sì dùn ún pé kò yé e ṣáájú. Jakob ní ahéré kan ní àríwá Manitoba níbi tó ti máa ń pẹja. Níbẹ̀, ènìyàn a dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin nínú igbó, a juwọ́, ọkọ̀ a dúró, wọn a bá a gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sókè. Bó bá fẹ́ sọ̀, a ní kí wọ́n já òun sí ìdí igi tó wọ́ yẹn, wọn a sì já a síbẹ̀. Láti kékeré ni Jakob ti ń wọ̀ ọ́. Kò wọ òmíràn rí. Ó ti darúgbó pẹ̀lú èrò pé bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń ṣe ní gbogbo ayé nìyẹn.

"Ọmọ ìyá mi," Helena wí jẹ́jẹ́, Jakob sì mọ̀ pé jẹ́jẹ́ yẹn kò dára, "ọkọ̀ tó ń ti Moscow bọ̀, tó ń sáré la ìdajì ayé kọjá, òun lo fẹ́ juwọ́ sí bí ẹni ń pe ajá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ènìyàn ni kọ́ńdọ́. Béèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa..."

"Ní èdè wo?"

Jakob họ irùngbọ̀n. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ ṣé."

"Ó dára. Wàá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti ń gbé ọ kọjá ilé Tante. Mú tíkẹ́ẹ̀tì wá."

Novosibirsk ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìlú kan tó jìnnà kọjá abúlé náà dáadáa. Jakob ní ibẹ̀ ni òun ní kí wọ́n kọ torí ó ṣáà kọjá ibi tí àwọn ń lọ. Ẹni tó bá ra ọ̀nà gígùn lè sọ̀ nígbà tó bá wù ú.

"Ṣé Viktor mọ gbogbo èyí?" Viktor ni ọmọ-ọmọ Tante Sara, òun ló ń tọ́jú rẹ̀.

"Mo kọ̀wé sí i pé à ń bọ̀."

"Pé à ń bọ̀ níbo?"

"Nílé."

"Nílé," Helena tún un sọ. "Ọjọ́ tí mo bí ọ ló ti yẹ kí n fi ọgbọ́n rẹ bọ́ adìyẹ." Ó wá rántí pé òun kọ́ ló bí i, inú sì bí i sí i. "Dìde. Wọlé."

Ó pẹ́ kí fóònù ilé ìdáná tó gba ọ̀nà wọlé. Alẹ́ ti lẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí Viktor gbé e, èdè ilé àtijọ́ tí ìyá Helena àti Tante Sara jọ sọ ni wọ́n fi kí ara wọn. Helena kò fi àkókò ṣòfò. Ó sọ ohun tí Jakob gbèrò, kò fi ọ̀kan bò.

Viktor rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Àǹtí Helena! Ọkọ̀ Moscow? Kó dúró níbí? Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ló ń kàn wá. Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Jakob pé bí wọ́n bá juwọ́ níbí, àwọn ewúrẹ́ wa nìkan ló máa dá wọn lóhùn."

"Mo ti sọ fún un. Kí la máa wá ṣe?"

"Ẹ sọ̀ ní Omsk. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń dúró. Ọkọ̀ kékeré kan ń ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó ń dúró ní gbogbo abúlé bíi obìnrin olófòófó. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, màá dúró dè yín ní Omsk. Ṣùgbọ́n ẹ má kẹ́rù o. Nínú ọkọ̀ yẹn, orí itan lèèyàn ń gbé ẹrù lé."

Helena sọ ọjọ́ náà, ó sì mú kí Viktor tún un sọ. Lẹ́yìn Viktor, ohùn kan ń ké láti ọ̀nà jíjìn, ó tínrín, ó sì le. Helena kò gbọ́ ohùn yẹn rí láyé rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, bí ìyá rẹ̀ bá ń bínú.

"Ìyá àgbà ń béèrè," Viktor wí, "pé ṣé búrẹ́dì gbígbẹ lẹ fi ń rìnrìn àjò."

Helena nà tọ́. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wọn ti ń sá, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí yóò rin ọ̀nà jíjìn láìkọ́kọ́ sá búrẹ́dì kéékèèké gbẹ nínú ààrò. Kì í bu, kì í jẹrà. "Sọ fún wọn pé odindi àpò kan ni mo ṣe. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é gan-an."

Viktor yíjú sọ ọ́. Ohùn tínrín yẹn sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí Viktor padà, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ dà á fún adìyẹ. Wọ́n ní ọdún tí ìyá yín lọ, búrẹ́dì gbígbẹ yẹn náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn láti jẹ, àwọn sì jẹ ẹ́ yó. Wọ́n ní eyín tí àwọn fi jẹ ẹ́ kò sí mọ́. Kọfí gidi ni kẹ́ ẹ mú wá. Wọ́n sì ní kẹ́ ẹ má fi ọ̀nà ṣeré, torí kò sí ẹni tó lè juwọ́ sí ikú kó dúró."

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, Helena yíjú padà. Jakob ti gbọ́ tó. Ó ń wo àjà ilé, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé adìyẹ tí búrẹ́dì yín ń lọ yẹn náà ni màlúù tèmi fẹ́ wọ̀?"

"Pa ẹnu dé."

Wọ́n padà sí abà. Báàgì Helena ti wà lábẹ́ ibùsùn láti òwúrọ̀, ó wọlé wẹ́kú. Ó fà á jáde, ó tú u, ó yọ àpò búrẹ́dì gbígbẹ. Ìdajì báàgì náà ṣófo. Ó kó kọfí tó gbé láti ilé ìdáná sí àyè yẹn, ó sì ti àpò búrẹ́dì sí àyà Jakob.

"Ìwọ lo máa jẹ ẹ́ láti Moscow dé Omsk. A kì í da oúnjẹ nù."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀nà gígùn lo rà."

Ó fún un ní báàgì aṣọ líle tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi ń ṣọdẹ. Ẹ̀wù òtútù kan ló gbà á láàyè, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Rédíò, agolo ẹja àti àgọ́ jókòó sílẹ̀. Jakob ti báàgì náà sábẹ́ ibùsùn. Ó wọlé láìkan igi.

Iṣẹ́ ibùsùn ti parí nìyẹn. Helena tú u palẹ̀, ó to pákó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn lé orí òkúta, ó ń fi òòlù nà wọ́n tọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, a máa pẹ́."

"Ìṣó kì í tọ́ ara rẹ̀."

Ó da wọ́n padà sínú agolo, ó dé e, ó ti ilẹ̀kùn abà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn gba orí yìnyín lọ síbi ọkọ̀ Jakob, ó jókòó níwájú, ó gbé báàgì náà lé itan, ó sì dì í mú.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Wa ọkọ̀."