Mílíìkì Abẹ́ Igi Máńgòrò

Fíríìjì náà fi orí dúró, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí ewúrẹ́ tí mótò gbá. Láti àná ló ti wà bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kékeré Ìmoru, gbogbo ẹni tó bá sì yọjú wò ó ló ń kọ hà. Ìyá àgbàlagbà kan tilẹ̀ béèrè bóyá kò yẹ kí wọ́n da aṣọ bò ó.

"Ẹ má bò ó, ìyá," Jímọ̀ dá a lóhùn. "Kò tíì kú. Ó ń ronú ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Jímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ ò kọjá eyín. Ẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀.

Fíríìjì oníkẹrosíìnì ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì mọ NEPA rí. Àtùpà kan ló ń jó nídìí rẹ̀. Àtùpà yẹn ló ń se omi àti gáàsì tó wà nínú bọ́ílà, ìyẹn páìpù gbọọrọ kan lẹ́yìn fíríìjì, bí ẹ̀yìn bá sì ti ń hó ni iwájú ń tutù. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé ẹnì kankan ní Ìmoru. Ẹ dáná sídìí nǹkan kí ó lè tutù? Jímọ̀ fúnra rẹ̀, ó yé e dé ìdajì. Ẹnu ló fi ń gbé ìdajì tó kù. Ohun tó dá a lójú ni pé bí irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ láìṣiṣẹ́, ohun inú rẹ̀ á sùn sínú páìpù. Ẹ ó dorí rẹ̀ kodò ní odindi ọjọ́ kan kí ó tó jí. Gbogbo oníṣẹ́ fíríìjì tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló mọ ìyẹn.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni èyí tí Jímọ̀ fi kún un. Bọ́ílà náà ti gbó, ooru àtùpà kàn ń fẹ́ lọ lásán ni. Ó gé páànù tín-ínrín, ó lọ́ ọ bí okùn, ó tì í sínú ihò tí iná ń gbà gòkè, kí iná má bàa sáré jáde. Ó fi fáìlì ha ìpẹtà ara páìpù náà títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ó po amọ̀ mọ́ eérú, ó fi wé bọ́ílà láti ìdí dé ọrùn. Ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò ní Ọ̀wọ̀, ohun tí ìyẹn sì máa ń sọ ni pé bí ooru bá ń sá, amọ̀ ni kí ẹ fi dè é.

"Jímọ̀, ṣé á ṣiṣẹ́?" Nọ́ọ̀sì Monica dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di kúlà aláwọ̀ búlúù kan mọ́ àyà. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tí Ìmoru ní.

"Sístà, kí oòrùn tó wọ̀, òtútù á máa gbọ̀n yín nínú yàrá yìí."

"Mi ò bi ọ́ léèrè tara mi. Abẹ́rẹ́ ni mò ń bi ọ́."

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọgọ́ta ọmọ ló wà nínú kúlà náà. Láàárọ̀ yẹn ni mótò gbé e dé láti Ọ̀wọ̀, yìnyín tó yí i ká ò sì ní dé ìrọ̀lẹ́. Bí fíríìjì ò bá tutù kí yìnyín tó yọ́, oògùn náà á di omi lásán. Ọ̀la ni wọ́n dá láti gún àwọn ọmọ. Ìgbóná tó máa ń sú lára ọmọ, tí ojú á pọ́n, tí ikọ́ á dé, ti wọ àwọn àbà tó wà lọ́nà Afo. Ọmọ mẹ́rin ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pe abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ọmọ méje péré ni wọ́n gbé wá. Àwọn ìyá yòókù gbé tiwọn sá lọ sóko. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ń sọ ọmọ di arọ.

Ọkùnrin mẹ́rin bá Jímọ̀ yí fíríìjì padà. Ó tẹ́tí sí i. Omi inú rẹ̀ ń dún gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, bí ẹni tó jí tí ò mọ ibi tó sùn. Ó ṣáná sí àtùpà, ó rọ òwú rẹ̀ sílẹ̀ títí iná fi di búlúù, ó sì ti àtùpà wọ abẹ́ bọ́ílà.

Ó sún sẹ́yìn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Hàmídù ọ̀gá rẹ̀ kò sún sẹ́yìn lọ́jọ́ kan ní Emùrè-Ilé. Páìpù bú mọ́ ọn lójú. Gáàsì amóníà tó jáde fún ojú rẹ̀ kan ní funfun bí ẹyin sísè, àtìgbà yẹn náà ló sì ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ọdún méjì péré ni Jímọ̀ fi kọ́ṣẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀; mẹ́rin ló yẹ kó fi kọ́ ọ. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan tí Hàmídù fi sílẹ̀ fún un ni pé: "Bí o bá gbóòórùn ìtọ̀ lẹ́yìn fíríìjì, má béèrè ẹni tó tọ̀. Sá."

Ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ ni. Àwọn ìyá bíi mọ́kànlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá iwájú, ọmọ wà lẹ́yìn ẹlòmíì, ọmọ wà lẹ́nu ọmú ẹlòmíì. Ìyá Boniface ló ń pariwo jù nínú wọn. Obìnrin náà kò tíì dárí ji Jímọ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tó wá tún fíríìjì ilé ọtí ṣe, Jímọ̀ fi bángà, èyí táwọn ọmọdé ń yìn lọ́dún Kérésì, sẹ́yìn fíríìjì náà, ó ṣáná sí i, ó sì figbe ta pé, "Gáàsì ti bú! Ẹ sá!" Bángà dún gbòlà. Olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fo ògiri. Ìró Ìyá Boniface há sẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan ló délé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Ìmoru fi rẹ́rìn-ín.

"Oníbángà!" obìnrin náà ké sí i láti orí bẹ́ǹṣì. "Tòní dà? Mo ti so ìró mi ní kókó méjì o!"

"Ẹ so ó ní mẹ́ta, Ìyá Boniface. Ẹ má fọkàn tán mi."

Nígbà tó di bí aago méjìlá, Jímọ̀ ṣílẹ̀kùn fíríìjì, ó ti ìka kan wọlé. Ó tutù! Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kan ara páànù inú rẹ̀. Ó tutù bí ìdí àmù láàárọ̀ ọyẹ́. Fíríìjì tí àwọn oníṣẹ́ mẹ́ta ti kọ̀ sílẹ̀! Ó fẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Monica kó wá fọwọ́ bà á. Ó ya ẹnu, ó mí sínú.

Ìtọ̀.

Kò béèrè ẹni tó tọ̀.

Ó tẹ́tí. Ohùn kan ń dún lẹ́yìn fíríìjì, ssss, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fa atẹ́gùn gba àárín eyín. Ó wo amọ̀ tó fi wé bọ́ílà náà. Amọ̀ ti gbẹ, ó ti sán lọ́rùn, ibi tó sán náà sì ń tutọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló tó rántí. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa fẹ́ sí ọrùn páìpù yẹn, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń rí ara gbà. Òun ló fún un lọ́rùn pa. Òun náà ló sì fi fáìlì ha á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó fún un lọ́rùn. Àtùpà ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀, táǹkì kẹrosíìnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn, òun wá dá a sábẹ́ rẹ̀, ó sì kó ọmọ mọ́kànlá sí ẹnu ọ̀nà.

Ó já wọ yàrá iwájú.

"Ẹ jáde! Gáàsì ń jò! Ẹ sá!"

Ẹ̀rín bú jáde, ó lu páànù òrùlé.

"Ó tún ti dé!" ni Ìyá Boniface sọ. Ó fi ọwọ́ di kókó ìró rẹ̀ mú, ó ṣẹ́jú sí àwọn yòókù. "Lẹ́ẹ̀kan là ń tan arúgbó!"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ìyá mi! Tòótọ́ ni tòní!"

"Ohun tó sọ nílé ọtí náà nìyẹn," ni ẹlòmíì wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Boniface dìde. Ó gbé Boniface sí èjìká, ó kọrí sí yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo bángà náà. Màá sọ ọ́ sínú ṣòkòtò ẹ lónìí."

Jímọ̀ dí ẹnu ọ̀nà fún un. Ó wo Nọ́ọ̀sì Monica. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dijú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú. Ó wá rí bí Jímọ̀ ṣe na ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú, tí kò rẹ́rìn-ín rárá, ojú Nọ́ọ̀sì sì yí padà.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jáde síta," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Háà, Nọ́ọ̀sì! Ṣé ó ti ra ẹ̀yin náà ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Òórùn ìtọ̀ ti gba abẹ́ apá Jímọ̀ wọlé. Ọmọ kan wúkọ́. Jímọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó lè gbà wọ́n là, kò rí òótọ́ kankan tó wúlò. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ná gbogbo rẹ̀ tán nílé ọtí. Irọ́ ló kù.

Ó tújú ká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ ibi tó ti rí ẹ̀rín náà.

"Ó dáa, ó dáa, ẹ ti mú mi," ó wí. "Wọ́n ní kí n má sọ ni. Lọ́ọ̀rì mílíìkì ti dé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, lábẹ́ igi máńgòrò. Agolo méjì-méjì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ jáde kí n ráyè lọ gba tèmi."

Ẹ̀rín dá bí okùn tó já.

"Agolo mélòó?" ni Ìyá Boniface bi í.

"Méjì. Ẹni tí ò bá gbé ọmọ dání ò ní gbà."

Bẹ́ǹṣì ṣubú. Sálúbàtà kan kù sílẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú méjì, yàrá ti ṣófo, ariwo "mílíìkì! mílíìkì!" sì ti ń gba ojú ọ̀nà lọ, ó ń ya ilé kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ti gbé kúlà, ó ti wà lágbàlá. Jímọ̀ lè sá tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọrí síta. Ṣùgbọ́n àtùpà ń jó, yàrá tí aláìsàn méjì sùn sí sì fara ti yàrá yẹn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó rì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó dì í mọ́ imú, ó wọlé.

Ó dà bíi kí wọ́n fi ata gúngún kun ẹyinjú rẹ̀. Kò ríran. Ó rá kòrò lórí ilẹ̀, ó ń gbọ́ ssss náà lókè orí rẹ̀, ojú Hàmídù sì ń wò ó nínú òkùnkùn ojú ara rẹ̀, funfun báláú. Ọwọ́ rẹ̀ kan táǹkì. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yí òwú. Ó yí i, ọwọ́ yọ̀. Ó tún un yí. Iná kú. Ó fi orí ti fèrèsé ṣí, ó ṣubú síta sórí ewé gbágùúdá, ó sì bì.

Nígbà tó lajú, ó rí Nọ́ọ̀sì Monica, ó ń da omi sí i lójú. Ó rí i méjì, ó tún rí i ní ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó ríran. Ó bo tòsì, ó ríran.

"Fíríìjì ti kú, Sístà," ó wí. "Èmi ni mo pa á."

Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ó fi ìka kan yìnyín. Ó ti ń léfòó nínú omi. Ariwo kan ń bọ̀ láti ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo èrò púpọ̀, bíi ti ọjọ́ ọjà. Nọ́ọ̀sì gbé orí sókè, ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde," ó wí. "Bá mi gbé e."

"Lọ síbo?"

"Ìwọ lo pè wọ́n."

Jímọ̀ kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí ní Ìmoru. Àwọn mọ́kànlá ti di ọgọ́rin. Àwọn tó sá lọ sóko wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn, abọ́ wà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n rí i, igbe ta.

"Olè! Mílíìkì dà?"

Ẹnì kan ju èso máńgòrò kan bà á ní èjìká. Nọ́ọ̀sì Monica gun orí gbòǹgbò igi.

"Mílíìkì ò sí," ó wí. "Abẹ́rẹ́ ló wà, kò sì ní sí mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo ọ̀nà Afo. Ẹ ti gbé ọmọ dé ibí."

Àwọn kan pòṣé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìyá Boniface là èrò kọjá, ó gbọ́wọ́ sókè, ìgbájú ni Jímọ̀ yóò jẹ. Ó sún mọ́ ọn tán, ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó fa òórùn ara rẹ̀ símú. Ó fà á símú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ẹ̀wù tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó wo ojú rẹ̀ tó pọ́n bí epo. Ó yíjú wo òrùlé ilé ìwòsàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wo Boniface.

Ó gbé ọmọ náà lé Jímọ̀ lọ́wọ́, ó yí sí àwọn yòókù. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ tò!"

Wọ́n tò. Gbogbo wọn kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ náà gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

"Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa, Jímọ̀. Ó ń gbọ̀n jù."

Jímọ̀ di itan Boniface mú. Lóòótọ́ ló ń gbọ̀n. Ó wá àwàdà kan tó lè fi tu ọmọ náà lára, àwàdà kankan kò wá. Ó wo ojú rẹ̀. Boniface ń fi ẹnu mu àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń wo ewé máńgòrò, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ìyá Boniface na ọwọ́, ó fi lé ọwọ́ Jímọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ náà àti ẹsẹ̀ ọmọ náà fi dúró jẹ́ẹ́.