Wáyà Ọjọ́ Ìsinmi

Ọdún mẹ́jọ ni Elisheva Roitman fi ń sùn sí ilé Jibrin, darandaran Palẹsítínì kan, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn Júù tó ń dúró ti àwọn darandaran Palẹsítínì ní òkè gúúsù Hébúrónì, òun nìkan ló ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwa yòókù máa ń wakọ̀ wá láti Jerúsálẹ́mù láàárọ̀ Sátidé. Òun kì í wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í sì í fọwọ́ kan fóònù, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbé e lọ kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀. Bí àwọn olùtẹ̀dó, ìyẹn àwọn Júù tó wá kọ́lé sórí ilẹ̀ àwọn Palẹsítínì, bá da àgùntàn sínú ọkà báálì Jibrin láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí gbogbo wa ń ya fọ́tò, Elisheva á kàn lọ dúró síwájú àwọn àgùntàn náà pẹ̀lú ọ̀pá. Àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀, pé ọ̀run ni wọ́n ti ń fọ fọ́tò rẹ̀.

Àlájà ni Jibrin ń pè é. Elisheva ti ṣàlàyé títí pé òun kò dé Mẹ́kà rí, òun kò sì ní í lọ. Jibrin ní kò burú, ẹni tó ti sùn lórí ẹní òun fún ọdún mẹ́jọ ti jìyà ju ẹni tó lọ Mẹ́kà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú kànga kan àti ihò àpáta tí àwọn àgùntàn ń sùn sí. Àwọn ológun ní ilẹ̀ ìdánrawò ìbọn ni gbogbo àgbègbè náà. Òfin sọ pé wọn kò lè lé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀, pé ìgbà òjò nìkan ni Jibrin máa ń da àgùntàn kọjá. Ṣọ́jà kan gbé ìwé náà wá sí ẹnu ọ̀nà Jibrin, ó sì ní kí ó fọwọ́ sí i pé òun ti rí i gbà nílé.

Netzer, olórí ìdílé mẹ́fà tó tẹ̀dó sórí òkè tó kọjú sí ilé Jibrin, búra ní kóòtù, nígbà tí Jibrin pe ìjọba lẹ́jọ́, láti fi ti àwọn ológun lẹ́yìn. Ó ní òun kò rí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rí. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ó mọ orúkọ Jibrin, ó sì mọ orúkọ ajá Jibrin.

Ìyàwó Netzer wá bímọ. Nínú ìdílé mẹ́fà náà, ilé alágbèéká tiwọn nìkan ni wọ́n gbé kalẹ̀ sísàlẹ̀, ní òdìkejì ilé Jibrin, sínágọ́gù sì wà lórí òkè. Obìnrin náà fẹ́ máa ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Òfin ẹ̀sìn wa kò sì gbà kí Júù gbé ẹrù tàbí kí ó ti kẹ̀kẹ́ níta gbangba lọ́jọ́ náà, àfi bí wọ́n bá ri òpó tí wọ́n sì na wáyà yí àdúgbò ká. Nígbà náà ni gbogbo inú wáyà yóò dà bí àgbàlá ilé kan, tí ènìyàn lè gbé ẹrù nínú rẹ̀. Netzer ri òpó mọ́kàndínlógún. Wáyà rẹ̀ yí ilé rẹ̀ ká, ó yí sínágọ́gù ká, ó sì yí ilé Jibrin ká, nítorí pé ilé Jibrin ló wà láàárín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òfin kan náà sọ pé bí ẹni tí kì í ṣe Júù bá ń gbé inú wáyà, wáyà náà kò wúlò àfi bí wọ́n bá háyà àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú ńlá, olórí ìlú tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n máa ń háyà gbogbo ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n rábì tí Netzer ń bá lọ le. Ó ní ọ̀gá ṣọ́jà kì í gbé ibẹ̀, kò sì lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ háyà. Ó ní kí Netzer lọ bá onílé.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Netzer, tí kì í kí Jibrin tẹ́lẹ̀ àfi pẹ̀lú òkò, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣékélì kan tó fẹ́ fi háyà àyè wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ kí Jibrin fọwọ́ sí. Jibrin ti ilẹ̀kùn padà. Láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé fún olùtẹ̀dó ti ta ilẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní í lè gbójú sókè láwùjọ mọ́. Ó pe Elisheva.

Ẹgbẹ́ wa ṣe ìpàdé ní Jerúsálẹ́mù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwa mọ́kànlá lo wákàtí mẹ́ta àti kẹ́tù tíì mẹ́rin. A fi wákàtí kìíní jiyàn bóyá ènìyàn lè sọ̀rọ̀ háyà rárá lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi agbára gbà. Gidon Felzen, alága wa, ní ọ̀dàlẹ̀ nìkan ló lè gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Elisheva, o fẹ́ ká ran Netzer lọ́wọ́ kó lè máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọ?”

Elisheva ní, “Ọmọ yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò tíì rí ìwé tẹ́ ẹ̀ ń dìbò lé lórí.”

Ènìyàn mẹ́sàn-án dìbò pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Elisheva nìkan ló dìbò pé kó ṣẹlẹ̀. Èmi ń fọ ife, n kò dìbò. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí Jibrin fẹ́.

Nígbà tí mo gbé Elisheva dé ilé Jibrin lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì, ó sọ fún Jibrin pé kò ní í fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tó ń wá nǹkan ni yóò kọ̀wé. Jibrin kò tíì gbà. Ó ní bí àwọn ará ilé òun bá gbọ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ratib, tó ń po ìyẹ̀fun nídìí ààrò, ló parí ọ̀rọ̀ náà.

“Odindi ológun ló ní a ò sí níbí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wọn bá fẹ́ sanwó fún wa torí pé a wà níbí, ẹ jẹ́ kó san án.”

Netzer, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, dé nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí oòrùn wọ̀. Ó wo àbẹ́là méjì tí Elisheva ti tò sórí tábìlì.

Ó ní, “Màmá, ojú ò tì yín. Ilé àwọn wọ̀nyí lẹ ti fẹ́ tan àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi.”

“Wọ́n máa ń nu tábìlì fún mi kí n tó tàn án. Kọ̀wé ẹ, oòrùn ò dúró dè ọ́.”

Netzer bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé òun háyà àyè lọ́wọ́ Jibrin tó máa ń da ẹran kọjá. Elisheva na ìka sí ọ̀rọ̀ náà.

“Ẹni tó ń kọjá kì í ba wáyà jẹ́. Tó bá ń kọjá ni, o ò nílò ìwé, máa lọ ilé. Tó bá ń gbé ibí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ òfin.”

Netzer mọ òfin. Ìyẹn gan-an ló dá a dúró, tó fi mú bírò dání láìkọ nǹkan kan. Ìjọba ló sọ ti kóòtù fún. Ìwé yìí, Ọlọ́run ló ń kọ ọ́ fún, kò sì lè purọ́ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Jibrin ọmọ Salman ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú agbo ilé rẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, àti pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni òun ti háyà àyè náà fún ọdún kan. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé ṣékélì náà kalẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Elisheva ní ohun tí onílé máa ń fi ìwé ilé ṣe ni. Netzer wo oòrùn, ó fi ìwé náà sílẹ̀, ó sáré gun òkè lọ sí sínágọ́gù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wáyà náà fi ṣiṣẹ́. Ìyàwó Netzer ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá. Elisheva náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́jọ, gbé àga jáde lọ́jọ́ Ìsinmi sábẹ́ igi álímọ́ńdì, ó mú ìwé àdúrà rẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, orí òkúta ló máa ń jókòó sí, lọ́wọ́ òfo. Ó ní òun kò rò pé Netzer ni yóò bá òun wá ìjókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́yà Jibrin fi ìwé náà han adájọ́. Lọ́yà ìjọba ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, kò kan ilẹ̀. Adájọ́ obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe Netzer. Ó béèrè bóyá wáyà náà ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn bó ṣe yẹ. Netzer ní ó ṣiṣẹ́. Adájọ́ ní, ṣé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ti háyà, àbí lọ́wọ́ ẹni tí kò sí?

Rábì náà wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ọkùnrin márààrún tó kù lórí òkè. Bí Netzer bá ní kò sí ẹnikẹ́ni, ó ti fi ìwé irọ́ tan rábì rẹ̀ nìyẹn. N kò fẹ́ràn Netzer, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò pẹ́ kó tó dáhùn.

Ó ní, “Ó ń gbé ibẹ̀.”

Adájọ́ kò sọ pé Jibrin ló ni ilẹ̀. Ó kàn ní ìjọba kò lè wó ilé náà lórí pé kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n lọ wá ìdí mìíràn. Wọ́n ṣì ń wá a. Felzen kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa pé ètò tí ẹgbẹ́ wa fi sùúrù gbé kalẹ̀ ló borí. Ìpinnu wa pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé; kò sí ẹni tó fagi lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdájọ́, Netzer fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká wáyà náà kúrò. Rábì sọ fún un pé ọdún tó háyà kò tíì pé, pé wáyà náà ṣì dára. Kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ padà sí jíjókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Elisheva jáde lọ́wọ́ òfo, ó ń lọ sí ìdí òkúta rẹ̀. Òfin kò gbà kó bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun gbé àga, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e nítorí rẹ̀. Jibrin ti jókòó sábẹ́ igi. Àga méjì ló gbé jáde. Ó jókòó lórí ọ̀kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí èkejì.

Elisheva wò ó.

Jibrin ní, “Àlájà, ara mi ni mo gbé e fún. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.”

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì lọ wo àwọn àgùntàn. Àga náà ṣófo. Elisheva jókòó síbẹ̀.