Kápẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Fẹ́ Fọ̀ Láìkọrin

Orí àtàǹpàkò ni òòlù bà, kì í ṣe orí ìṣó. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi ìka sẹ́nu, ó fò sókè lórí àpótí tó dúró lé, ẹ̀rín sì gbà á. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí kọjá ohun tí òòlù lè bà jẹ́.

Ó gbé aago tuntun náà kọ́ ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó. Báyìí ni ó yẹ kí ibi iṣẹ́ rí! Bàbá Oníkọ́tìnì, ọkùnrin tó ń ta aṣọ fèrèsé ní ìpẹ̀kun òpópó, ń bọ̀ wá díye lé apá kan iṣẹ́ rẹ̀. Apá tí wọ́n ti ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ni ó fẹ́ rà: àwọn ẹ̀rọ, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń sá kápẹ́ẹ̀tì sí, àti àwọn oníbàárà ibẹ̀. Apá kejì, ìyẹn títọ́jú ilẹ̀ ọ́fíìsì, ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ yóò dì mú. Ilé ìwòsàn tuntun kan ti ní òun ni àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ fún, bí ó bá lè ra ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ ńlá kí oṣù tó parí. Owó ẹ̀rọ náà kò sí níbòmíràn àfi nínú kápẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbàdúrà sí i títí orúnkún rẹ̀ fi le. Lónìí, ìdáhùn ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀.

“Ẹ gbọ́ o,” ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. “A ò ní kọrin lónìí.”

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, gbójú sókè nídìí garawa. “A ò ní ṣe kí ni?”

“Kọrin. Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá yẹn rò pé ẹgbẹ́ akọrin lòun fẹ́ rà ni? Aago rèé. Aago ni kí ẹ máa wò.”

“Àǹtí mi, ọwọ́ wa ò mọ aago.”

“Á mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ọkùnrin gíga tíńrín tó ń di rọ́bà omi mú, mi orí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohùn tèmi gan-an lè já iye rẹ̀ wálẹ̀.”

Orin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ìyá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ló ni ín. Ìyá wọn, alágbàfọ̀, ló dá a sílẹ̀ nídìí ọpọ́n. Kò sí nínú ìwé orin kankan. Ẹsẹ kìíní, wọn a da ọṣẹ. Ẹsẹ kejì, wọn a fi í sílẹ̀ kó wọlé. Ẹsẹ kẹta, búrọ́ọ̀ṣì. Bí ègbè ìkẹyìn bá sì ti gbéra, omi tútù gbọ́dọ̀ ti balẹ̀. Kò sí ẹni tó là á sílẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n, bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu nínú òkùnkùn.

Bàbá Oníkọ́tìnì wọlé, ọwọ́ lẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó gbá ẹ̀rọ fífọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá màlúù.

“Èyí ti dàgbà.”

“Àgbà ló mọ iṣẹ́, Bàbá,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ fèsì. “Ohun tí a ní là ń náání.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì dá iye kan. Kò tó ẹ̀rọ ìfọlẹ̀. Ọkàn Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá fi kún un pé, “Ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ náà ná. Ojú lè gbé e sókè.”

Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, àárín rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ funfun. Àbúrò da ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé dákẹ́. Àbúrò wo aago, ó wo ọṣẹ. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ wo àbúrò, ó ń retí ègbè tí kò ní í dé. Kò sí ẹni tó tíì fi aago wọn orin ìyá wọn rí.

Pupa náà gbéra. Ó rọra ń wọ́ lọ sínú funfun, bí ọmọ tó ń yọ́ jáde nílé.

“Omi!” Ìyá Ọlọ́ṣẹ kígbe.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ta gìrì, ó tú omi. Bàtà Bàbá Oníkọ́tìnì ló kọ́kọ́ fọ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí i bí ilé ìwòsàn ṣe ń fò lọ lójú rẹ̀. *Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ọgbọ́n ara mi.* Àbúrò rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ. Ó ti kúnlẹ̀, ìgò ọtí kíkan tí í mú àwọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ohùn:

*Omi ayọ̀, máa ṣàn bọ̀,*
*Ibi tó dọ̀tí, jọ̀wọ́ kàn án.*

Kí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó mọ̀, orúnkún tirẹ̀ náà ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbè, búrọ́ọ̀ṣì ń lọ. Ẹsẹ kejì, wọ́n dúró. Ẹsẹ kẹta, wọ́n fọ̀. Ègbè dé, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ sì fi omi pàdé rẹ̀ gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ṣìnà. Pupa náà padà sílé. Funfun yọ, ó mọ́ bí eyín ọmọdé.

Bàbá Oníkọ́tìnì dúró sínú omi, ó ń wo funfun náà.

“Orin yẹn,” ó wí níkẹyìn, “ṣé ó wà lára ohun tí ẹ ń tà?”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ti díye lé ẹ̀rọ, ó ti díye lé garawa, ṣùgbọ́n kò díye lé orin. “Èmi kọ́ ló ni ín láti tà,” ó wí. “Ẹ bi àbúrò mi.”

“Ẹ̀yin náà ò tíì bi mí bóyá mo fẹ́ lọ, Àǹtí mi,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Kò bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Bàbá, màá tẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì wá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa darí ibẹ̀, a ò sì ní dákẹ́.”

“Ta ló ní kí ẹ dákẹ́?” Bàbá sì dá iye mìíràn.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kó tún un sọ, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó fẹ́ tún un gbọ́ ni. Ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ ti wọlé! Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, tọṣẹ tomi.

“Àforíjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ,” ó wí sí i létí.

“Ẹ kọ́kọ́ lọ ra ẹ̀rọ yín.”

Nígbà tí bàbá lọ tán, bàtà rẹ̀ ń dún ṣọ̀bọ̀-ṣọ̀bọ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gun àpótí, ó yọ aago. Òun ni yóò gbé e lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti dá orin fún kápẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ó fẹ́ gbè é, ṣùgbọ́n ó dúró gbọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohùn ìyá wọn ni ó rò pé òun ń gbọ́ nínú orin náà. Àṣé ohùn àbúrò rẹ̀ ni.

Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn gùn, wọn ò sì tíì dá orin tirẹ̀. Kó tó dé ojú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ìlù rẹ̀.