Etí Thazin

Ọkùnrin ni wọ́n bí Thazin ní ìlú Pakokku, Zeyar ni wọ́n sì sọ ọ́. Àmọ́ obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó gba ìlú ńlá Yangon lọ, ó yan orúkọ tó wù ú, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn bíi tirẹ̀. Àwọn òyìnbó a máa wá kọ́ wọn ní orúkọ tuntun tí wọn yóò máa pe irú ẹni tí wọ́n jẹ́, Thazin sì mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹní mowó. Bó bá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn, àtẹ́wọ́ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni ẹnu dídùn yìí kò ti ríṣẹ́ ṣe. Ìgbà tó gbìyànjú láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún un lórí fóònù, ìyá náà, Daw Hla Sein, fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó wá béèrè bóyá wọ́n ti rí oògùn tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ òjò àti ti ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Thazin fẹ́ fárí wọ ilé àwọn àlùfáà Búdà, bí gbogbo ọmọkùnrin ṣe ń ṣe, ìyá pè é pé kó máa bọ̀. Kò sọ irú aṣọ tó gbọ́dọ̀ wọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má lọ, pé ibi tí wọn kò bá ti gbà á bó ṣe rí, kì í ṣe ilé rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn láti sọ. Kì í ṣe ìyá wọn ló pè. Thazin ró ìró obìnrin, ó fi òdòdó sírun, ó wọkọ̀. Bí ìyá bá ní kó lọ jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, ó mọ̀ pé òun kò tún ní padà wálé mọ́ láé.

Nígbà tó dé, ìyá jáde wá pàdé rẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ gba iwájú ẹbí kọjá, ó sì mú un jókòó sórí ẹní, láàárín àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí wọ́n múra bí ọmọ ọba. Ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin bá fárí náà ni wọ́n ń lu etí àwọn ọmọbìnrin, lójú gbogbo ẹbí. Thazin, tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, yọrí láàárín wọn bí òpó. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun gan-an ni.

Nígbà tó kàn án, U Thaung, bàbá arúgbó tó ń fi abẹ́rẹ́ wúrà lu etí, di etí rẹ̀ mú, ó sì dáwọ́ dúró.

"Hla Sein, etí yìí ti nihò o."

"Ta ló lu ú?"

Thazin wolẹ̀. "Ní ṣọ́ọ̀bù kan ni, Màámi. Ní Yangon."

"Ṣé mo wà ńbẹ̀?"

"Rárá, Màámi."

"Ẹ bá mi lu òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Àbúrò ìyá kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní kí ni ẹ̀gbọ́n òun ń fi àgbàlagbà ṣe yìí. Daw Hla Sein kò bojú wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Thazin mú, bí àwọn ìyá yòókù ṣe di ti ọmọ tiwọn mú.

"Ọmọbìnrin mi ni," ó wí. "Èmi ni mo pẹ́."

Thazin, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá ọ̀rọ̀ tì. Ó bú sẹ́kún kí abẹ́rẹ́ tó kàn án rárá, àwọn ọmọ kéékèèké sì rò pé ìrora ni. Ìyá fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fún un, ó ní kó má mira.